Bí mo ṣe palẹ̀ ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi pa tì sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́

Ìwé kan ni káńsù lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò pọ̀: tí ẹni tó ni ọkọ̀ yìí ò bá yọjú láàárín ọjọ́ méje, àwọn máa wọ́ ọ lọ, àwọn á sì fọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n ti padà sí Ìbàdàn. Wọ́n fi Vauxhall Astra wọn sílẹ̀ lẹ́bàá títì níwájú fúláàtì wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láìpẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí "mo ń bọ̀ láìpẹ́" ṣe máa ń rí. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn dáadáa, mi ò bá káńsù wí. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti jò débi pé ríìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ewédò ti hù yí rọ́bà wíńdò ká, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ara kànga. Àwọn kan ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ibi tí wọ́n ń ju agolo bíà sí.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà. Obìnrin tó gbé e fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí wọn ò san owó-orí rẹ̀ ni àwọn ń pè ní ọkọ̀ àpatì. Tó bá jẹ́ tax nìkan ni, DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ló kàn. Ohun tí káńsù ń wò ni pé, ṣé ó ti pẹ́ lójú kan náà? Ṣé ó ti bàjẹ́ tàbí jóná? Ṣé nọ́ńbà ọkọ̀ ṣì wà lára rẹ̀? Ṣé pàǹtí ló kún inú rẹ̀? Ṣé orúkọ ẹnì kankan wà fún un lọ́dọ̀ DVLA? Òfin ọdún 1978 ló di ẹrù kíkó ọkọ̀ àpatì lé káńsù lórí. Òfin yẹn kan náà ló ní ẹni tó bá pa ọkọ̀ tì síta lè san tó £2,500, tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta jura. Káńsù tún lè fúnni ní tíkẹ́ẹ̀tì £200 láìdé kóòtù rárá. Mo sọ fún un pé a mọ olówó ọkọ̀, a ò pa á tì, a máa gbé e kúrò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo wá pe ẹ̀gbọ́n.

"Ṣebí mo ti ṣe SORN kí n tó kúrò níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú títì lẹ gbé e sí."

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwa tí a wà níbí ti ń kó sí wàhálà. Ọ̀fẹ́ ni SORN, ìyẹn ìkéde fún DVLA pé ẹ ti gbé ọkọ̀ kúrò lójú títì, ẹ ò sì ní san tax mọ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ń sọ fún ìjọba ni pé ọkọ̀ náà ò sí lójú títì: inú gáráàjì ló wà, tàbí inú àgbàlá ara yín. Tí wọ́n bá bá a lẹ́bàá títì, wọ́n lè dè é mọ́lẹ̀, ìtanràn rẹ̀ ní kóòtù sì lè tó £2,500. Kò sí nǹkan kan tó kàn wọ́n bóyá ẹ wà ní Ìbàdàn.

Mẹkáníìkì wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe gbà ká fọ́ ọ nìyẹn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ àṣẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n bá àwọn ṣe é.

Ọkùnrin kan tó ń fi váànù kó irin kiri àdúgbò kọ́kọ́ dá mi dúró, ó na owó sí mi. Mo kọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí òfin 2013 lórí irin àlòkù ti délẹ̀ ní England àti Wales, oníirin ò gbọ́dọ̀ san kẹ́ẹ̀ṣì. Báńkì tàbí ṣẹ́ẹ̀kì ni, ó sì gbọ́dọ̀ rí káàdì ìdánimọ̀ rẹ. Tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá gbé ọkọ̀ lọ sọ sínú igbó, orúkọ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa bá.

Ibi tó yẹ kó lọ ni wọ́n ń pè ní ATF, àgbàlá tí ìjọba fún ní àṣẹ láti tú ọkọ̀ palẹ̀. Mo wá èyí tó sún mọ́ wa lórí àkọsílẹ̀ Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: wọ́n á fa epo bẹtiróò àti ọ́ìlì jáde, wọ́n á yọ bátìrì àti táyà, kí wọ́n tó tẹ irin pọ̀. Òfin ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ọkọ̀ gbọ́dọ̀ padà wúlò.

Ẹni tó gbé lọ́rì wá kò tiẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì. Ó kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ọkọ̀, ó mi orí. Àwọn olè ti gé catalytic converter, ohun tó ń dín oró inú èéfín ọkọ̀ kù, lọ. Ojú ibi tí ayùn gbà kò tíì dípatà. Nǹkan kékeré yẹn ló lówó lórí jù lára ọkọ̀ tó ti kú, nítorí àwọn irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo ya abala aláwọ̀ yẹ́lò kúrò lára V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, mo fún un ní ìyókù. Mo ti kọ́kọ́ ka nọ́ńbà oní-fígọ̀ 11 tó wà lórí ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì sọ fún DVLA lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọkọ̀ ti lọ. Ẹ má fi èyí ṣeré o: £1,000 ni ìtanràn ẹni tí kò bá sọ. Àgbàlá fi ìwé ẹ̀rí ìfọ́kọ̀ ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà DVLA dé pé ọkọ̀ náà ti kúrò lọ́rùn ẹ̀gbọ́n. Tí lẹ́tà yẹn ò bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ kàn sí wọn.

Ìgbà tí mo ń ya fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n wá rántí pé inṣọ́ránsì ọkọ̀ yẹn ṣì ń gé owó nínú àkáǹtì àwọn lóṣooṣù. Wọ́n pe ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì náà láti Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n sì fòpin sí i.