Bí mo ṣe ń ka ìlù ọkàn Màmá
Kí Màmá tó kúrò nílé wa ní Òkè-Fìà lọ sọ́jà, mo máa ń ní kí wọ́n jókòó sinmi ná. Ìka méjì ni mo fi ń wá iṣan tó ń lù lọ́rùn ọwọ́ wọn. Ẹ má lo àtàǹpàkò, òun náà ń lù. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú 1 gbáko: 60 sí 100 ló dára. Bó bá wà lábẹ́ 50, tí òòyì ń kọ́ wọn tàbí tí wọ́n dákú, ilé ìwòsàn yá.

Ọkàn tó ń lù lọ́ra jù máa ń pẹ́ kó tó múra tán fún ìlù tó kàn. Ibẹ̀ ni ìlù òjijì ti lè já wọlé, kí ìsàlẹ̀ ọkàn máa sáré gìrìgìrì, kí ẹ̀jẹ̀ má dé ọpọlọ. Ìgbẹ́ gbuuru tó fa potassium, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn fi ń lù dáadáa, wálẹ̀ tún ń dá kún un. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání fún dókítà, pàápàá erythromycin (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) àti chloroquine (oògùn ibà), torí àwọn náà lè dá kún un.