Bí Mo Ṣe Fúnra Mi Ṣírò Ìrìn Èkó sí Heathrow

Tíkẹ́ẹ̀tì tí màmá mi kọ́kọ́ fi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni ó lé mi dé ìdí ìṣirò yìí. Ẹni tí ó tà á fún mi sọ pé ibi yòówù tí ọkọ̀ òfurufú bá ti dúró kò já mọ́ nǹkan, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dúró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó sì fi wọ́n gba Addis Ababa ní Ethiopia, ẹsẹ̀ wọn wú kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú títí di òní.

Nígbà tí a fẹ́ ra òmíràn, èmi fúnra mi ni mo ṣírò rẹ̀. Ti jíjìnnà kò le: pápákọ̀ òfurufú Èkó wà ní nǹkan bíi dígíríì 6.6 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Heathrow, pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù, wà ní 51.5, Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àríwá Èkó gan-an. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kí ẹ ka dígíríì kọ̀ọ̀kan sí kìlómítà 111, ẹ ó rí nǹkan bíi 5,000. Láti Èkó dé Addis Ababa nìkan tó 3,900, láti ibẹ̀ dé Heathrow sì tún tó 5,900! Ẹni tí ó bá gba Casablanca ní Morocco kò ní rìn ju nǹkan bíi 5,300 lọ.

Aago ni ó dá mi dúró. Ìgbà òtútù ni ìrìn náà bọ́ sí, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sì sọ pé ọkọ̀ yóò kúrò ní Èkó ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀, yóò dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ti àbọ̀ yóò gbéra ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, yóò dé Èkó ní aago mẹ́fà. Ọ̀gbẹ́ni tí ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà sọ pé wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni àlọ, méje ààbọ̀ ni àbọ̀, pé afẹ́fẹ́ ni ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Mo bá a jiyàn títí, kò gbà.

Afẹ́fẹ́ ńlá tí ó ń fẹ́ lókè láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn lè dá ọkọ̀ tí ó ń ti Èkó lọ sí New York dúró, ṣùgbọ́n ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù kò dojú kọ ọ́. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó wà lórí ìwé náà. Nàìjíríà kì í yí aago rẹ̀ padà. Wákàtí kan ni a fi ṣáájú aago Greenwich, èyí tí Lọ́ńdọ̀nù ń lò ní ìgbà òtútù, láti oṣù dé oṣù. Àwọn ará Bìrìtìkó ń sún tiwọn síwájú ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n a dá a padà ní èyí tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Nítorí náà, aago wa bára mu ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì fi wákàtí kan yàtọ̀ ní ìgbà òtútù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ di aago Greenwich kí n tó yọ ọ́: wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni àlọ, òun náà ni àbọ̀. Inú mi dùn gidigidi.

Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, ẹ béèrè iye kìlómítà apá méjèèjì kí ẹ tó sanwó. Kí ẹni tí yóò lọ pàdé wọn ní Heathrow sì tẹ̀lé aago Lọ́ńdọ̀nù tí ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí owó ni wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó bá dúró níbẹ̀.