Táyà ẹ̀yìn ò họ mí nídìí mọ́

Ẹ gbà mí o, mi ò ga, kẹ̀kẹ́ downhill mi (èyí tí wọ́n fi ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè) sì jẹ́ táyà ínṣì 29 níwájú àti lẹ́yìn, tí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Fort William, ní Scotland, níbi tó ti dà gẹ̀rẹ́, tí mo fàdí sẹ́yìn, táyà á kàn máa họ mí nídìí, ṣòkòtò méjì ló ti ya. Mi ò fẹ́ lo táyà ínṣì 27.5 tó kéré sí i fún méjèèjì torí 29 iwájú yẹn máa ń gun òkúta bíi pé kò rí i. Mo bá ki 27.5 sẹ́yìn nìkan, UCI gan-an, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ti fàyè gbà á láti 2019. Kẹ̀kẹ́ wálẹ̀ díẹ̀, pẹ́dàlì wá ń gbá òkúta, ìgbà tí mo yí flip chip (irin kékeré ara férémù tó ń gbé kẹ̀kẹ́ sókè tàbí sílẹ̀) sí òkè ló tó dáa. Ó ń ya kọ́nà wẹ́rẹ́ báyìí.