Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Ka Fáìlì Kẹ́ ẹ Tó Gba Kóòtù Lọ: Àṣìṣe Tí Mo Ń Rí Lọ́dọ̀ Àwọn Lọ́yà Tuntun n'Ílọrin

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tí kò tíì pẹ́ tó dé wíìgì gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ wá hàn mí ní ọ́fíìsì mi nítòsí Post Office. Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó ní òun ti pe dókítà kan àti ilé ìwòsàn kan lẹ́jọ́, 500 mílíọ̀nù náírà lòun ń béèrè fún owó gbà-máà-bínú. Mo bi í pé dókítà wo ló bá a ka fáìlì aláìsàn náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn hàn gbangba, kò nílò dókítà." Mo ní kó jókòó. Mo rán ọmọ ọ́fíìsì lọ ra kóòkì, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ máa gùn.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ṣe léṣe ní ilé ìwòsàn àti àwọn tí mọ́tò gbá. Mi ò ní máa kọ́ yín ní ohun tí àìbìkítà jẹ́ lábẹ́ òfin. Gbogbo wa la ka ẹjọ́ Donoghue, ti ìgbín inú ìgò, ní yunifásítì. Owó tẹ́ ẹ ń fi ṣòfò ló ń dùn mí.

Èkíní ni oṣù mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún yín ní oṣù mẹ́ta péré láti pẹjọ́, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ la sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí àwọn àgbà bẹ̀bẹ̀ tán. Ẹ mọ̀ wá níbí. Kí ẹnikẹ́ni tó rántí lọ́yà, wọ́n á ti gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìmáàmù, dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí, wọ́n á ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kádàrá ni." Télọ̀ kan wá bá mi láti Òmù-Àrán, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́ látìgbà tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́. Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mọ́kànlá ti kọjá, torí ilé ìwòsàn ń sọ fún un pé, "Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i." Mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n, mo kọ ọ́ pé ìpalára náà ṣì ń bá a lọ, kí wọ́n má bàa sọ pé àkókò ti kọjá. Adájọ́ wò mí látorí awò ojú ẹ̀, ó ní ìrora ló ń bá a lọ, abẹ́rẹ́ ti parí lọ́jọ́ tí wọ́n gún un. Ẹjọ́ kú síbẹ̀.

Èkejì, orúkọ ẹni tẹ́ ẹ pè lẹ́jọ́. Orúkọ ara pátákó ilé ìwòsàn kì í ṣe ènìyàn lábẹ́ òfin. Ilé ìwòsàn aládàáni, ẹ lọ wo ìwé ẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ti ìjọba, ẹ lọ ka òfin tó gbé e kalẹ̀, kẹ́ ẹ mọ àjọ tó ṣeé pè lẹ́jọ́. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá dúró, mo pe pátákó lẹ́jọ́. Àgbà lọ́yà tó wà ní ìhà kejì dìde, ó bi adájọ́ pé ṣé pátákó náà ló máa wá jẹ́rìí. Kódà akọ̀wé kóòtù rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi orúkọ ara yín buwọ́ lùwé, kì í ṣe orúkọ ọ́fíìsì. Ẹjọ́ Okafor v Nweke tó sọ bẹ́ẹ̀ ti wà láti 2007, ẹ ṣì ń fi orúkọ ọ́fíìsì buwọ́ lù ú.

Ẹ̀kẹrin ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ẹ ń pe dókítà lẹ́jọ́ láìní dókítà! Ẹ ní res ipsa loquitur, pé ọ̀rọ̀ ń sọ ara ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka ẹjọ́ Ojo v Gharoro. Abẹ́rẹ́ kán sínú obìnrin kan nígbà iṣẹ́ abẹ, ó kù síbẹ̀. Abẹ́rẹ́, nínú ikùn ènìyàn! Tá a bá bi àwọn ìyá tó ń ta ata n'Ípàta, wọ́n á ní ẹ̀rí wo la tún ń wá? Síbẹ̀, nígbà tí ẹjọ́ fi máa dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2006, obìnrin náà pàdánù. Àwọn dókítà ti ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ lè kán lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ra. Òun kò mú dókítà kankan wá láti sọ òdìkejì. Láti ìgbà ẹjọ́ Bolam nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1957, ohun tí adájọ́ ń wá ni ohun tí dókítà mìíràn tó mọṣẹ́ ì bá ṣe. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sọ ìyẹn fún un. Oníbàárà yín náà kọ́.

Èmi tí mò ń pariwo yìí, mo ti ṣe é rí. Ìyá ọlọ́mọ kan ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láti gbé ọmọ jáde lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, níbi tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ ẹ̀. Mo ní ọwọ́ dókítà ló burú. Gbogbo ìwé ẹ̀sùn mi, ọ̀bẹ ni, ọ̀bẹ ni. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ da ìbéèrè bo dókítà, mo wọ súùtù tuntun. Mo bi í pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ yín láti máa rán ilé ọmọ?" Ọkùnrin yìí tún ìjókòó ṣe, ó kọjú sí adájọ́, ó fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rán an, adájọ́ sì ń fọwọ́ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó tiẹ̀ bi í bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ okùn kan. Èmi ni mo bá ọ̀tá mi wá ẹlẹ́rìí.

Ẹjọ́ ti bàjẹ́ kí n tó gbé fáìlì lọ bá àgbà dókítà kan tó ti fẹ̀yìn tì n'Ìbàdàn. Kò wo ibi iṣẹ́ abẹ rárá. Ó ṣí i lọ sẹ́yìn, síbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sí. Ó fi ìka lé e: aago mẹ́wàá alẹ́, 110/70, ìlà tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́fà àárọ̀, 70/40. Láàárín méjèèjì, òfìfo. Wákàtí mẹ́jọ gbáko, ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn obìnrin yìí, ẹnikẹ́ni kò yọjú wò ó. Baba ní, "Lọ́yà, iṣẹ́ abẹ yẹn dára. Ibí ni wọ́n ti ṣe é léṣe." Fáìlì yẹn ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi fún ọdún méjì. Mo ti ṣí ojú ewé yẹn rí. Mo rò pé nọ́ńbà lásán ni.

Ẹ má sì wá dókítà yín nítòsí. N'Ílọrin, ọ̀gá kan náà ló kọ́ ọ̀pọ̀ wọn níṣẹ́, ibi ìgbéyàwó kan náà ni wọ́n ń pàdé. Á ka fáìlì, á sọ òótọ́ fún yín lórí fóònù. Lọ́jọ́ kóòtù, ara ẹ̀ ò ní yá. Ẹ lọ sí Ìbàdàn, Èkó, Kàdúná. Ẹ san owó kíkà kẹ́ ẹ tó san owó ìpẹ̀jọ́. Tó bá ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Fáìlì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ kọ̀wé lábẹ́ FOI, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Ẹ so ìwé tí aláìsàn fọwọ́ sí mọ́ ọn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní àṣírí ẹlòmíì ni. Ẹ̀dà tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Kẹ́ ẹ sì tún ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fojú rí ojúlówó: tí àkọsílẹ̀ wákàtí méjìlá bá jẹ́ bírò kan, tí ọwọ́ ìkọ̀wé náà kò yí, ìjókòó kan ni wọ́n kọ ọ́.

Ẹ̀kẹfà, àbí ẹ̀karùn-ún ni, ìsìnkú. Ẹni tó kú lẹ́yìn Alásàárì, kí Ìṣáì tó pé wọ́n ti sin ín. Mùsùlùmí ni mí, mi ò bá sunna jà. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí àyẹ̀wò òkú, ohun tẹ́ ẹ sábà máa bá nínú ìwé ni pé ọkàn àti èémí dáwọ́ dúró. Ta ló kú tí tiẹ̀ kò dúró? Ẹ sọ ọ́ fún ẹbí lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ti mọ́tò: ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kẹ́ ẹ yẹ ìnṣọ́ránsì ẹ̀ wò nínú NIID, àkójọ ìnṣọ́ránsì mọ́tò ní Nàìjíríà, torí ìwé tí awakọ̀ ń fi hàn lè jẹ́ ayédèrú. Ẹ pe ẹni tó ni mọ́tò pọ̀ mọ́ awakọ̀. Mo ti borí ọlọ́kadà kan rí ní Gáà Àkànbí. Gbogbo ohun tó ní láyé ni ọ̀kadà tó ti fọ́.

Rìsíìtì! Owó oògùn tí kò ní rìsíìtì, ẹ̀bùn lẹ fún oníkẹ́míìsì.

Ẹ yé pín káàdì lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka pàjáwìrì. Òfin ìwà àwa lọ́yà kò sì gbà kẹ́ ẹ máa gbé ìnáwó ẹjọ́ oníbàárà sórí ara yín. Ẹ lè kọ́kọ́ bá a san án, kó dá a padà. Mo gbé e fún ẹnì kan rí, owó ìpẹ̀jọ́, owó ọkọ̀, títí dórí oògùn. Ó lọ parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ilé ìwòsàn lẹ́yìn mi, ó wá gbé àpò ìrẹsì kan wá kí mi.

Àbúrò mi ti dákẹ́ tipẹ́. Mo gba ìwé ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ni. Orúkọ ara pátákó ló pè lẹ́jọ́. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mo sì kà á lára kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù mẹ́ta pé. Kò mu kóòkì náà tán kó tó dìde.