Bí a ṣe ń ṣírò ìṣàn omi lórí kọ̀ǹpútà

Ẹ fa omi sínú sírínjì, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Kò ní sún. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, yóò fún pọ̀ díẹ̀. Omi kì í gbà kí a fún òun pọ̀: bó bá ṣe ń wọ ibì kan ló gbọ́dọ̀ máa jáde níbẹ̀. Títẹ̀ lé òfin yìí ni iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo ìṣirò náà.

Àpótí tí omi kún inú rẹ̀, tí ọmọrí rẹ̀ ń sáré lọ sọ́tùn-ún láìdúró, ni mo fẹ́ràn láti fi kọ́ ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ àpótí jẹ́ 1, ìyára ọmọrí jẹ́ 1, kíki omi jẹ́ 0.01. Nọ́ńbà Reynolds rẹ̀, ìyẹn ìyára ìlọ́po ẹ̀gbẹ́ tí a fi kíki pín, di 100 nìyẹn.

Ẹ pín àpótí náà sí yàrá kéékèèké, 32 ní ìbú, 32 ní òró. Ẹ fara balẹ̀ níbí o. Àárín yàrá ni ìfúnpá ń gbé, ẹnu ọ̀nà yàrá ni ìyára ń gbé. Harlow àti Welch ló gbé ètò yìí jáde lọ́dún 1965. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó méjèèjì sójú kan náà, ìfúnpá mi rí bíi pátákó dráfútì, gíga kan, kékeré kan, nítorí pé yàrá kọ̀ọ̀kan ń fo aládùúgbò rẹ̀ dá.

Ìṣísẹ̀ àkókò, dt, kò gbọdọ̀ gùn débi tí omi yóò fi fo odindi yàrá kọjá. 0.01 dára fún wa.

Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ìyára tuntun bí ẹni pé kò sí ìfúnpá rárá: bí omi ṣe ń gbé ara rẹ̀ lọ, àti bí kíki rẹ̀ ṣe ń fà á sẹ́yìn. Omi tó kan ògiri kì í rìn. Èyí tó kan ọmọrí ń bá ọmọrí sáré.

Ìyára yìí yóò rú òfin. Ẹ wá mú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ iye tó wọlé kúrò nínú iye tó jáde, ẹ pè é ní D. Ìfúnpá ibẹ̀ yóò jẹ́:

p = (àpapọ̀ p aládùúgbò mẹ́rin − h × D / dt) / 4

h ni ẹ̀gbẹ́ yàrá, 0.03125. Ká ní D jẹ́ 0.02, tí p àwọn aládùúgbò sì jẹ́ òdo. p yàrá yìí yóò di −0.015625: ó ń fa omi padà. Ẹ fi dt ìlọ́po ìyàtọ̀ p, tí ẹ fi h pín, tún ìyára ṣe. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò dín ohun tó ń jáde kù ní 0.005, mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 0.02 géérégé. D di òdo! Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ti dàrú, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yí gbogbo yàrá ká léraléra títí p kò fi ní yí padà mọ́, kí ẹ tó tún ìyára ṣe. Yàrá tó fara ti ògiri ní aládùúgbò mẹ́ta péré, ẹ fi 3 pín in. Ti igun, ẹ fi 2 pín in. Chorin ló tẹ ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 1968.

Ẹ máa tẹ D tó tóbi jù síta ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń pọ̀ sí i, ẹ dúró, ẹ wá àṣìṣe.

Nígbà tí ìyára kò bá yí padà mọ́, ẹ wo ìlà tó gba àárín àpótí láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ghia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lọ́dún 1982 pé ibi tí omi ti ń sá padà sósì jù wà ní nǹkan bí 0.45 láti ìsàlẹ̀, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ −0.21. Bí tiyín bá jìnnà díẹ̀ sí i, ẹ sọ yàrá di 64, kí ẹ sì dín dt kù sí 0.005.