Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Ẹ Bá Ń Gba Ọkọ̀ Onígbòkun ní Trogir

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ọjọ́ Sátidé ni òwe yìí máa ń ṣẹ ní Trogir, ìlú àtijọ́ kan ní etí òkun Adriatic lórílẹ̀-èdè Kroatíà. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n sábà máa ń fa ọkọ̀ onígbòkun lé ẹni tó yá a fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́. Àlejò á sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù, á sáré kó ẹrù sínú ọkọ̀, á ra omi àti búrẹ́dì, ó di gbéra. Ó dé ẹnu ọ̀nà ìlú tí UNESCO fi sínú àkójọ ohun ìní àgbáyé ní 1997, kò sì wọlé.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ, èyí ló dùn mí jù. Orí erékùṣù kékeré ni ìlú náà wà, afárá so ó mọ́ ilẹ̀ lápá kan, òmíràn sì so ó mọ́ erékùṣù Čiovo. Àwọn ará Gíríìsì tó wá láti erékùṣù Vis ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù. Lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà rẹ̀, tí ọ̀gá agbẹ́kùúta Radovan gbẹ́ ní 1240, Ádámù àti Éfà dúró lórí kìnnìún. Ẹ dé ní Ọjọ́bọ̀ tàbí Jímọ̀, kí ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kùtù kí èrò tó kún.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ pápákọ̀ òfurufú tàn yín. Split ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n Trogir ló sún mọ́, bíi kìlómítà 6 péré. Ẹni tó gba òtẹ́ẹ̀lì sí ìlú Split ti kọjá ibi tó ń lọ, á sì tún padà wá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọjọ́ Sátidé.

Ìwé ńkọ́? Atukọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tí ìjọba Kroatíà tẹ́wọ́ gbà, pẹ̀lú ìwé àṣẹ lílo rédíò inú ọkọ̀. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ gba atukọ̀, kí ẹ sì rántí pé ó máa sùn, ó máa jẹun. Àìmọye ló ń gba yàrá ọkọ̀ tán fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ láì fi ibùsùn kan sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbé ẹ̀mí wọn kiri. Láti January 1, 2023 ni Kroatíà ti wọ Schengen, àgbègbè tí wọn kì í ti í sábà yẹ ìwé ìrìnnà wò láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ọjọ́ náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ná Yúrò. Ìwé ìtọ́sọ́nà tó ṣì ń dárúkọ kúnà, owó wọn àtijọ́, ti gbó.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Èyí tó ń jẹ́ maestral, tó ń fẹ́ lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, jẹ́ ọ̀rẹ́ onígbòkun. Jugo ń bọ̀ láti gúúsù-ìlà-oòrùn, ó lọ́rinrin, díẹ̀díẹ̀ ló ń le, ó sì máa ń gbé ìgbì ńlá dìde. Bura lẹ ó bẹ̀rù. Láti orí òkè ló ti ń já lu òkun, ó tutù, ó sì ń dé lójijì, nígbà mìíràn lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́ kedere. Ìdí nìyẹn tó fi ń tan àlejò jẹ: oòrùn ń ràn, wọ́n ní kò séwu. Bí ìkùukùu funfun bá jókòó sórí òkè bí fìlà, ẹ wá èbúté tó fara pamọ́.

Nítorí náà, ẹ má fi Dubrovnik, ìlú tó jìnnà réré sí Trogir, sínú ètò ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn erékùṣù Drvenik Veli, Šolta àti Vis tó yín. Vis yìí, ibùdó ológun ni tẹ́lẹ̀, wọn kò gba àjèjì láyè níbẹ̀ títí di 1989. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ sábà gbọ́dọ̀ padà sí Trogir, gbogbo èèyàn ló sì máa ń tò fún epo lásìkò kan náà. Bí ẹ bá sì ń fi ìdí ọkọ̀ wọ èbúté, tí wọ́n na okùn sí yín láti fi so iwájú ọkọ̀, ẹ yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú jíà kí ẹ tó fà á, kí okùn má baà lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lábẹ́ omi.