Kí Ẹ Tó Pe Áḿbúláǹsì fún Ẹni Tó Ti Ń Lọ: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Lóru ọjọ́ kan, áḿbúláǹsì gbé màmá àgbà kan dé wọ́ọ̀dù wa láti ilé ìtọ́jú arúgbó. Ẹsẹ̀ wọn ti tutù, orúnkún wọn dúdú bí ibi tí aró ta sí, èémí wọn á dúró díẹ̀ kó tó tún gbéra. Bébà kan ṣoṣo ló bá wọn wá: orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù kan. Mo bi òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ lé wọn pé ìgbà wo ni wọ́n lo mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, kẹ́yìn. Kò mọ̀. Màmá ń kérora, dókítà ò sì lè fojú dá oògùn bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn sínú ọkọ̀ rárá. Àyà ẹnìkan ló já. Àwọn àmì tí mo kà sílẹ̀ yẹn, àmì pé ikú ti sún mọ́lé ni. Ilé ìwòsàn kò ní oògùn rẹ̀. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbéra: kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un lọ́hùn-ún tí a ò lè ṣe níbí? Tó bá jẹ́ pé egungun ló kán, tàbí ìrora tí apá oògùn tó wà nílẹ̀ kò ká, ẹ gbé e. Tó bá jẹ́ pé kò jẹun mọ́ ni, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Oúnjẹ yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn ọmọ. Wọ́n rò pé ebi ló ń pa á, nígbà tó jẹ́ pé torí ó ń kú lọ ni kò fi fẹ́ jẹun. Omi tí ẹ bá fi ṣíbí rọ sí ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi òwú tútù pa á létè.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ títẹ àyà, èyí tí wọ́n fi ń gbìyànjú láti jí ọkàn tó dúró, sílẹ̀ dòru. Bí kò bá sí ìwé tó ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́, àwọn tó bá dé á tẹ̀ ẹ́, egungun ìhà á sì máa kán. Fífọwọ́ sí i pé kí wọ́n má tẹ àyà kò dá oògùn ìrora, ìwẹ̀ tàbí yíyí ara padà dúró. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n tì mọ́ ọ́fíìsì, kí ló fẹ́ ṣe láago méjì òru?

Tí ẹ bá máa gbé e, ẹ fún un ní oògùn ìrora rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Mọ́fíìnì olómi kì í sábà ju wákàtí 4 lọ lára. Ojú ọ̀nà àti ìjókòó-dúró á jẹ ẹ́ tán. Ẹ kọ aago tó lò ó sílẹ̀. Tó bá jẹ́ fentanyl, oògùn ìrora líle tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, ni, ẹ wo ẹ̀yìn àti èjìká rẹ̀ dáadáa: wákàtí 72 ni ẹyọ kan sábà máa ń lò, ẹni tó bá lẹ tuntun láì yọ ti àná lè dá èémí rẹ̀ dúró. Ẹ má gbàgbé oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Mọ́fíìnì ń dí inú.

Àti nọ́ńbà fóònù: ẹ pè é wò kí ẹ tó kọ ọ́. Èyí tó wà lórí bébà màmá yẹn kò wọlé. Ọmọ wọn gbé aṣọ tó ti lọ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ibùsùn lófo.